Orúkọ Tí Ìyá Nikhil Ń Pè É

Bí ẹ bá pàdé Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò tíì ní kí i tán tí á fi bi yín pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ yín. Kì í fi ṣeré rárá. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ orúkọ ara rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ló ń fi nǹkan pamọ́ fún un. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n tí kò fẹ́ sọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi nǹkan pamọ́. Ilé ẹrù ńlá kan ní Suwanee, ní Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di aṣọ àti bàtà àwọn nọ́ọ̀sì sínú páálí, òun sì ni ọ̀gá àwọn tó ń lẹ páálí. Àwọn ará Mẹ́síkò wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ará Nepal tó ń ti Clarkston wá wà níbẹ̀, àwọn ará Íńdíà náà ò kéré. Kò sí èyí tó yọ sílẹ̀ nínú wọn. Bí ọmọ Amẹ́ríkà kan bá gbé èjìká sókè pé òun ò mọ ohun tí orúkọ òun túmọ̀ sí, Rẹ̀mílẹ́kún á wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó bá ọwọ́ onítọ̀hún nínú báàgì rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé orúkọ nìkan ló ń fura sí o. Ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń ṣírò ọjà fúnra ẹni ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fura sí i. Adìẹ tówó rẹ̀ bá ti pọ́ọ́kú jù, kò ní rà á láéláé, torí ó fẹ́ mọ ohun tó pa á. Aládùúgbò wọn kan wà ní Redan, níbi tí wọ́n ń gbé, tó máa ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín láràárọ̀. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kó débẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún ti ń wádìí ohun tó ń wá. Adélékè ọkọ rẹ̀, tó ń wa tírélà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn tí kì í sì í pẹ́ nílé, máa ń sọ fún un lórí fóònù pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Ọlọ́run fẹ́ fi í ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún Un lọ́jọ́ tó dá a.

Ọwọ́ irú obìnrin yìí ni Tèmi mú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wá sí. Tèmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, níbi tó ti ń kọ́ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń retí ẹni tí yóò mú wá. Wọ́n ń retí ọmọ Ìjẹ̀bú, wọ́n ń retí ọmọ Èkìtì, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ Íbò, wọ́n á gbà á mọ́ra. Tèmi mú ọmọ Íńdíà wá, gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Rẹ̀mílẹ́kún wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. “Kí lorúkọ rẹ?”

“Nikhil, Ma.”

“Kí ló túmọ̀ sí?”

“Odindi, Ma. Ohun tó pé pérépéré, tí nǹkan kan ò dín nínú ẹ̀. Èdè Sanskrit ni, èdè àtijọ́ táwọn àgbà wa fi ń gbàdúrà.”

Ìdáhùn náà dáa. Ó dáa jù, ìyẹn gan-an ló bí i nínú. Ó mọ̀ pé Tèmi ló kọ́ ọmọ náà sílẹ̀ dè é. Ta ló ń kọ́ ìdáhùn sórí bí kò bá ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀?

Lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Sunanda lọ. Obìnrin ará Íńdíà ni Sunanda, èdè Marathi tí wọ́n ń sọ ní agbègbè àwọn Nikhil náà lòun náà ń sọ, orúkọ tirẹ̀ sì túmọ̀ sí ẹni tí ń múnú ẹni dùn. Òun ló jẹ́rìí sí i pé òótọ́ lọmọ náà sọ. Láti ọjọ́ náà, ìsinmi oúnjẹ ọ̀sán di ilé ẹ̀kọ́. Rẹ̀mílẹ́kún á máa jẹ ìrẹsì inú ike rẹ̀, Sunanda á máa ṣàlàyé. Deepak ni fìtílà. Sushil ni oníwà pẹ̀lẹ́. Rajesh, ọba ló wà nínú tìyẹn. Lakshmi sì jẹ́ orúkọ òrìṣà wọn kan tó ní ọrọ̀ níkàáwọ́.

“Ẹ̀yin náà ń fi òrìṣà sọ ọmọ?” Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

“Púpọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Rẹ̀mílẹ́kún kọ́kọ́ fẹ́ ní rárá. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Ifábùnmi títí tó fi ṣèrìbọmi, tí wọ́n yọ Ifá kúrò, tí wọ́n sì fi Olúwa rọ́pò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn náà ti ṣe é rí. Ìtumọ̀ orúkọ wọ̀nyẹn ń dùn mọ́ ọn nínú, kò kàn fẹ́ kí ó hàn ni. Ṣùgbọ́n kò yí ọkàn rẹ̀ padà lórí Nikhil. Kí ló dé tí kì í jẹ ẹran? Kí ló dé tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá ti pè é lórí fóònù, ìta ló ń lọ gbà á? Bóyá ó ti níyàwó nílé. Bóyá ìwé ìgbélùú ló ń wá. Tèmi sọ fún un pé ó ti ní ìwé ìgbélùú tipẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún sì ní ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù ba òun, torí a ò wá mọ ohun tó ń wá mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, Nikhil fi mọ́tò rẹ̀ gbé ìyá àtọmọ lọ ra ẹ̀fọ́. Tèmi jókòó níwájú, Rẹ̀mílẹ́kún wà lẹ́yìn, ó ń wo ẹ̀yìn orí ọmọkùnrin náà bí ó ti ń wakọ̀. Fóònù dún. Nikhil ò tíì rántí pé fóònù òun so mọ́ rédíò mọ́tò tí ohùn obìnrin kan fi gba gbogbo inú ọkọ̀ kan:

“Kachru! Kachru!”

Ọwọ́ Nikhil yára ju ti olè lọ. Ó pa á, ó ní òun á pè wọ́n padà.

“Ta ni Kachru?” Rẹ̀mílẹ́kún bèèrè látẹ̀yìn.

“Èmi ni, Ma. Orúkọ inú ilé ni. Màmá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló túmọ̀ sí?”

Iná pupa mú wọn dúró, Nikhil ò sì rí ibi tó máa gbé ojú sí. “Kò túmọ̀ sí nǹkan kan, Ma.”

“Mummy, please now,” Tèmi yíjú padà. “Ẹ̀yin náà ń pè mí ní Àbẹ̀bí. Ta ló mọ̀ ọ́n níta?”

“Àbẹ̀bí ní ìtumọ̀! Ẹni tí a bẹ̀ kí a tó bí i. Mo lè dúró lórí pẹpẹ kí n sọ ọ́. Ṣé tiẹ̀ ṣeé sọ?”

Inú Rẹ̀mílẹ́kún dùn dé ilé. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Odindi! Odindi ọ̀hún ti ya wàyí.

Lọ́jọ́ kejì, kò dúró de àkókò oúnjẹ. Ó fa Sunanda sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì páálí, ó sì sọ orúkọ náà fún un. Sunanda bú sẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bo ẹnu.

“Aunty, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí?”

“Sọ fún mi ná.”

“Pàǹtírí ni. Ohun tí wọ́n gbá nílẹ̀ tí wọ́n kó dà nù.”

“Pàǹtírí!” Rẹ̀mílẹ́kún pàtẹ́wọ́. “Mo mọ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!” Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Tèmi sẹ́nu. Irú ìyá wo ló ń pe ọmọ rẹ̀ ní pàǹtírí? “Ọmọ tí wọ́n kọ̀ ni,” ó wí síta. Ọmọ àlè ni. Ẹbí tí kò fẹ́ràn ọmọ tiwọn, ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa wá fẹ́ràn?

“Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀,” Sunanda ní. “Àṣà ìgbà láéláé ni, ní abúlé. Wọ́n tún ń sọ ọmọ ní Dagdu, ìyẹn òkúta. Bí ọmọ bá ti—”

“Dúró,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. “Má sọ ọ́ mọ́.”

Kò sí ẹni tó nílò láti sọ ìyókù fún un. Ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Ààtàn. Ààtàn ni wọ́n ń pè é, àgbàlagbà tó ní ilé àti ọmọ, kò sì sí ẹni tó ń fi rẹ́rìn-ín, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ burúkú bo ọmọ mọ́lẹ̀ kí ó má bàa wu ikú láti mú un. Rẹ̀mílẹ́kún tí òun alára ń jẹ́ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ti sunkún lórí ọmọ méjì kí wọ́n tó bí i, òun ni wọ́n bẹ̀ pé kó wá rẹ ìyá lẹ́kún. Ẹkún ọ̀hún ò sì tán níbẹ̀, nítorí Akín ló tẹ̀ lé e.

Akín àbúrò rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Rẹ̀mílẹ́kún ló máa ń bá a fi róòbù pa ẹsẹ̀ nígbà tí egungun bá ń dùn ún, tí Akín yóò máa fi eyín di aṣọ ìbora mú kí àwọn òbí wọn má bàa gbọ́ igbe rẹ̀ ní yàrá kejì. Ó kú nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde ní yunifásítì. Nítorí Akín ni Rẹ̀mílẹ́kún kò fi gbà kí Adélékè kan ilẹ̀kùn bàbá òun kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. AA ni Adélékè. AS ni òun. AS ni Tèmi, ọmọ náà sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré bó ṣe mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí pásítọ̀ tó bèèrè orúkọ ọkọ ìyàwó, ó ti bèèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló bi ọmọ Íńdíà léèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó ní? Pásítọ̀ ò bi í. Tèmi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ò bi í. Àrùn àwa dúdú ni, gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, tó ń fura sí adìẹ, tó fura sí ìwé ìgbélùú, tó fura sí ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kò ronú kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí. Ó jókòó sórí páálí kan. Kí ló pa àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú Kachru?

Ó pe Tèmi lórí fóònù, ó sọ ọ́ fún un. Tèmi ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. “Ẹ ti sọ ọ́ di oníyàwó méjì, ìyẹn ò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá di síkúlà báyìí? Mummy, ẹ sinmi.” Ó pa fóònù. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, Tèmi ì bá gbọ́. Ohun tí ìfura ojoojúmọ́ ń ṣe fún èèyàn nìyẹn: lọ́jọ́ tí o bá wá rí nǹkan, wọ́n á ní o tún ti bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá Nikhil fi dé láti Íńdíà láti wá rí àwọn àna. Vimal lorúkọ rẹ̀, aláìlábàwọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀, obìnrin kúkúrú tó wọ sàrí aláwọ̀ ewé pẹ̀lú bàtà kánfáàsì. Rẹ̀mílẹ́kún se ìrẹsì àti ẹ̀wà tí kò fi ẹja sí, ó dín dòdò. Òun àti Vimal jókòó dojú kọra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnì kan ń ṣọ́ ẹnì kejì. Vimal fi ṣíbí tú ẹ̀wà náà wò fínnífínní kó tó fi í sẹ́nu. Rẹ̀mílẹ́kún rí i, ó sì mọ̀ pé irú òun ló jókòó níwájú òun yẹn.

Ó gbé ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀. “Nikhil, bá mi bi màmá ẹ. Ọmọ mélòó ni wọ́n bí ṣáájú ẹ?”

“Mummy!” Tèmi fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì.

“Èmi ni àkọ́bí, Ma,” Nikhil dáhùn.

“Ìyá ẹ ni mo bi.”

Nikhil kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Vimal gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwo rẹ̀, ó sì na ìka méjì sókè.

“Asha,” ó wí. “Anand.” Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ sọ ìtumọ̀ wọn fúnra rẹ̀: ìrètí ni obìnrin, ayọ̀ ni ọkùnrin. “Orúkọ tó dára ni mo fún àwọn yẹn. Ikú mú wọn lọ. Èyí, ìyá ọkọ mi ní ká pè é ní pàǹtírí, kó má bàa wu ẹnikẹ́ni. Ilé ìwé ló ti gba orúkọ Nikhil.”

Nikhil ti dìde. “Ta ni Asha?” ó ń bi ìyá rẹ̀ ní èdè wọn, Rẹ̀mílẹ́kún ò sì nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ ìyẹn. Vimal ò lè wo ojú rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún na ọwọ́ sórí tábìlì, ó di ọwọ́ Vimal mú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ egungun ìka rẹ̀. “Ọwọ́ wọn,” ó ní, “ṣé ó máa ń wú? Bí òtútù bá mú, ṣé egungun máa ń ro wọ́n? Ojú wọn, ṣé ó máa ń pọ́n bí àtalẹ̀ pupa?”

Vimal tẹjú mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mi orí: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ibà ni wọ́n pè é fún un ní abúlé. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó ní orúkọ mìíràn. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń bèèrè pé báwo lobìnrin dúdú yìí ṣe mọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún pẹ̀lú ń sunkún. Ó wo Nikhil tó dúró síbẹ̀ tó ń wá arábìnrin tí kò mọ̀ rí nínú ojú ìyá rẹ̀, àánú ọmọ náà sì ṣe é dọ́kàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí ó gbàdúrà pé kí ìfura òun já sí irọ́.

Kò já sí irọ́. Nikhil lọ ṣe àyẹ̀wò, òun fúnra rẹ̀ ló sì wá sọ èsì ní Redan, ó jókòó sórí àga pẹ̀lú ọwọ́ lórí eékún. AS ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Kí Vimal tó wọ ọkọ̀ òfurufú padà, ó pè é láti dúpẹ́, ó ń pè é ní arábìnrin òun. Pásítọ̀ náà pè, ó ní Ọlọ́run ló lò ó láti tú àṣírí, kí wọ́n tètè dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà dúró. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò pè é ni Tèmi.

Ìgbà tó wá, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ló wá kó. Rẹ̀mílẹ́kún bá a ní yàrá ìfọṣọ, ó ń ká wọn.

“Inú yín ti dùn báyìí, àbí?” Tèmi ní, kò bojú wẹ̀yìn. “Láti ọjọ́ tí mo ti mú u wọlé lẹ ti ń wá nǹkan. Ẹ ti rí i.”

“Òótọ́ ni. Mo wá a. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀daràn, mo fẹ́ kó ti níyàwó. Tèmi, mi ò purọ́ fún ọ. Àmọ́ ohun tí mo rí yìí kọ́ ni mo ń wá, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo ti fẹ́ràn ọmọ yẹn.”

“Ó ní òun ò lè fi mí sílẹ̀. Èmi náà ò lè fi í sílẹ̀.” Tèmi gbé aṣọ kan, ó tún tú u ká. “A ti rí dókítà. One in four, gbogbo oyún: nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan lè ní in. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo ohun tá a lè ṣe. Àwa la máa pinnu.”

“Kí lẹ fẹ́ pinnu? Kí ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ pinnu? O ò rí Akín! Dókítà yín náà ò rí i! Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Èmi ni mo mọ bó ṣe ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kóun lọ. O fẹ́ jókòó ti ọmọ tìẹ, kó máa bẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀?” Ohùn rẹ̀ ti gbòde. Ó di ara ẹ̀rọ ìfọṣọ mú. “Fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Á dùn ọ́, á sì tán.”

Tèmi yíjú padà sí i wàyí. Ojú rẹ̀ ti wú, ó ti pẹ́ tó ti ń sunkún.

“Mummy, ṣé ẹ ì bá fẹ́ kí wọ́n má bí Uncle Akín rárá ni?”

Rẹ̀mílẹ́kún rí Akín lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe Akín orí bẹ́ẹ̀dì. Akín tó máa ń sín pásítọ̀ wọn jẹ, tí gbogbo ilé á máa di ikùn mú. Akín tó jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ tó sì fi ẹ̀sùn kan ológbò tí wọn ò ní. Akín tó bá a gbé àpótí dé ẹnu géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kúrò nílé, tó ń fi súfèé lọ lójú ọ̀nà tó ń padà.

“Rárá,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ibi tó ń lọ. Tèmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn aṣọ náà, ó ń sunkún, ó sì ń mi orí bí ẹni tó ti gba ohun tó wá gbà. Rẹ̀mílẹ́kún dúró tì í, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tó lè fi gba “Rárá” yẹn padà, kò sì rí i.